Ó Ń Sáré Bí Ọkọ̀, Àmọ́ Yìnyín Ló Ń Dá A Dúró: Òtútù àti Ọdẹ Pronghorn ní Amẹ́ríkà

Ẹranko kan wà ní pápá gbalasa ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tó lè sáré tó kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Kò sí ẹranko mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ náà tó lè lé e bá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Pronghorn lorúkọ rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí yìnyín bọ́ kó kún dé orúnkún rẹ̀, eré ti parí nìyẹn. Ẹran tí ìkookò ò lè mú lóṣù kẹjọ, coyote lásán, ẹranko tí kò tóbi ju ajá ilé lọ, lè mú un lóṣù kejì.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdẹ ló ń gba ìwé àṣẹ láti lọ pa pronghorn ní Wyoming, Montana, South Dakota, Colorado àtàwọn ìpínlẹ̀ míì lágbègbè yẹn. Tí ojú ọjọ́ bá ti ń yí padà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi ara wọn: ṣé òtútù yìí máa gbè wá ni, àbí ó máa ba ọdẹ wa jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òtútù díẹ̀ dára fún ọdẹ. Yìnyín díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ níbì kan, ó ń dí i lọ́wọ́ níbòmíì. Àmọ́ yìnyín ńlá tó pẹ́ nílẹ̀, gbèsè ni, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa ń san án.

Ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká fi kiní kan yé ara wa. Yìnyín tí à ń sọ níbí kì í ṣe òkúta omi tó máa ń já lu páànù ilé wa nígbà òjò. Èyí tó rọ̀ bí òwú ni, tó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ látojú ọ̀run, tó sì ń kó jọ sórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Òtútù ibẹ̀ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́. Ní Wyoming, ó lè tutù dé −30°C láàárín ìgbà òtútù. Fíríìsà tí wọ́n ń kó ẹja sí lọ́jà kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni pronghorn gan-an?

Tí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ lè sọ pé ìgalà ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń pè é ní antelope. Àmọ́ kò sí nínú ìdílé àwọn antelope tòótọ́ tó kún Áfíríkà. Ìdílé tirẹ̀ dá dúró gedegbe. Antilocapridae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù láàyè nínú rẹ̀. Àwọn ẹranko tó bá a tan jù lọ lónìí ni àgùnfọn àti okapi, Áfíríkà sì làwọn méjèèjì wà.

Ìwo rẹ̀ náà yàtọ̀. Eegun ló wà nínú ìwo ọ̀hún, èèpo dúdú tó dà bí èékánná ló wá bò ó lórí, èèpo náà sì pẹ̀ka. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí akọ bá ti gun abo tán, á bọ́ èèpo yẹn sọ nù, òmíràn á sì hù sórí eegun.

Ta ló wá ń lé e tó fi ń sáré tó bẹ́ẹ̀? Lónìí, kò sẹ́nì kankan. John Byers, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ pronghorn, ṣàlàyé nínú ìwé kan tó gbé jáde lọ́dún 1997 pé àwọn ẹranko ọdẹ ayé àtijọ́ ló kọ́ pronghorn léré. Ọ̀kan nínú wọn ni ológbò ńlá kan tó jọ cheetah, tó gbé ní Amẹ́ríkà tó sì ti kú run láti nǹkan bí 12,000 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó ń lé e ti kú, òun ṣì ń sá.

Ara rẹ̀ bá eré náà mu. Lọ́dún 1991, Stan Lindstedt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pronghorn sórí ẹ̀rọ ìsáré, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń lò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń lo ọ́síjìn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ kí ẹranko tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè lò lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ńlá, ọkàn ńlá, ọ̀nà ọ̀fun tó fẹ̀, ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gan-an ló máa kó bá a tí yìnyín bá dé.

Òtútù nìkan ò pa á

Ẹ má rò pé òtútù fúnra rẹ̀ ni ìṣòro o. Irun pronghorn nípọn, inú fọ́nrán irun náà kún fún afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í jẹ́ kí ooru kọjá kíákíá. Ẹ wo kúlà tí àwọn tó ń ta omi tútù ń gbé kiri: afẹ́fẹ́ tó há sínú fóòmù rẹ̀ ló ń jẹ́ kí yìnyín inú rẹ̀ pẹ́ kó tó yọ́. Irun pronghorn ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ooru inú ara ló ń dáàbò bò.

Ó tún ní ọgbọ́n míì. Ó lè na irun rẹ̀ dúró kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé nígbà ooru, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ra kí òtútù má bàa ráyè wọlé. Tí ẹ bá rí pronghorn tó sùn sílẹ̀ ní −20°C, tí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yọ́, ẹ má ṣàánú rẹ̀ jù. Yìnyín tí kò yọ́ yẹn fi hàn pé ooru ò jáde láti ara rẹ̀.

Oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tútù ló ń jẹ. Tí àwọn yẹn bá kú, igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sagebrush ló kù. Ewé rẹ̀ kì í wọ́ dànù nígbà òtútù, èròjà aṣaralóore sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń jẹ lóṣù kìíní kì í tó ohun tí ara rẹ̀ ń ná. Ọ̀rá tó ti kó jọ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń dí àlàfo náà. Ẹ fojú wò ó bí owó èsúsú: wọ́n ti dá a tán lóṣù kẹwàá, àtìgbà yẹn lọ, kíkó ni wọ́n ń kó o jáde. Tí òtútù bá parí kí èsúsú tó tán, ẹran náà yè. Tí èsúsú bá kọ́kọ́ tán, ó kú. Gbogbo eré tó bá sá láàárín ìgbà yẹn, inú àpò yẹn ló ti ń san owó rẹ̀.

Yìnyín ni ọ̀tá

Pátákò pronghorn kéré, ó ṣe ṣóńṣó. Kò ní èékánná kékeré ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tí àgbọ̀nrín àtàwọn ẹran míì ní. Ara tó wúwo tó kílò 40 sí 60 wá dúró sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tínńtín. Lórí ilẹ̀ líle, eré ló mú wá. Nínú yìnyín, ṣe ló ń rì. Tí yìnyín bá ti jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ìrìn lásán á ti di iṣẹ́, sagebrush kúkúrú á ti bò mọ́lẹ̀, ẹran náà á sì máa fi ẹsẹ̀ iwájú wú yìnyín kó tó rí ewé jẹ.

Èyí tó burú jù ni yìnyín tó ti yọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án tó sì tún dì lóru. Ojú rẹ̀ á le bí ìpẹ́ àkàrà tó jóná, abẹ́ rẹ̀ á rọ̀. Pronghorn á tẹ̀ ẹ́, á já wọlé, etí yìnyín náà á sì máa bó o lẹ́sẹ̀. Coyote tó fúyẹ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, orí yìnyín náà ló ń sáré gbà. Ibẹ̀ ni ọba eré ti ń di ẹran ọwọ́ọ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí pronghorn fi ń ṣí kúrò nílùú kí yìnyín tó dé. Àwọn tó ń gbé ní Grand Teton nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń rìn lọ sí àfonífojì odò Green ní gúúsù, ìrìn tó lè tó kìlómítà 240. Lọ́dún 2008, àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba Bridger-Teton ya apá kan lára ọ̀nà yìí sọ́tọ̀, òun sì ni ọ̀nà ìṣípòpadà ẹranko àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin yà sọ́tọ̀. Path of the Pronghorn ni wọ́n ń pè é.

Tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́, kí ni ọdẹ ń rí?

Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni ọdẹ ìbọn pọ̀ sí jù ní Wyoming. Ti Montana máa ń wọ inú oṣù kọkànlá. Ní àwọn agbègbè kan, wọ́n tún máa ń fún àwọn ọdẹ láǹfààní láti pa abo tí oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá bá wọlé. Ọdẹ kan náà lè bá oòrùn tó mú ganrínganrín lọ́sẹ̀ kan, kó bá yìnyín lọ́sẹ̀ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbóná tó sì gbẹ, ọgbọ́n tó rọrùn jù ni kí ọdẹ lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Pápá náà gbẹ, ibi tí omi wà ò pọ̀, òùngbẹ á sì mú ẹran wá. Àmọ́ gbàrà tí òjò bá rọ̀ tàbí tí yìnyín díẹ̀ bá bọ́, ọgbọ́n yẹn ti kú nìyẹn. Omi ti wà níbi gbogbo. Kò sí ohun tó tún ń fa pronghorn wá sí ojú kan. Ọdẹ tó jókòó sétí omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lè jókòó títí di alẹ́ láìrí ẹyọ kan.

Ó ní láti dìde rìn nìyẹn, kó fi awò awọ̀nàjíjìn wá ẹran, kó wá rọra sún mọ́ ọn. Níhìn-ín, yìnyín fún un ní nǹkan kan, ó gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún un lójú: ẹ̀yìn pronghorn pupa rúsúrúsú, ó ń hàn kedere lórí ilẹ̀ funfun, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń hàn. Oòrùn ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mú kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gbọ̀n lórí ilẹ̀ bí omi, tí ẹran tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á wá dà bíi pé ó ń léfòó. Òtútù kò jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Ohun tó gbà ni ibi ìsápamọ́. Ojú pronghorn tóbi, ẹ̀gbẹ́ orí ló wà, ó sì ń rí ẹ̀yìn bó ṣe ń rí iwájú, ẹ̀yìn gan-an ló kù tí kò rí. Ọdẹ tó ń rákò lórí yìnyín dà bí eṣinṣin tó bà sórí aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà, bí òtútù ṣe ń le sí i, àwọn agbo kéékèèké máa ń para pọ̀ di agbo ńlá tó lè tó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo igba, irínwó ojú nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá rí i tó na irun funfun ìdí rẹ̀ sókè, gbogbo agbo ti gbọ́.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìlà-oòrùn Wyoming àti Montana, amọ̀ tó ní bentonite nínú ló wà nílẹ̀. Ohun tí bentonite máa ń ṣe ni pé ó ń fa omi mu, ó ń wú, ó sì ń yọ̀. Láàárọ̀ tí ilẹ̀ ṣì dì, ọkọ̀ á kọjá geere. Tí oòrùn bá yọ́ yìnyín lọ́sàn-án, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà á fi kọ̀ láti yí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tó wọlé nírọ̀rùn láago mẹ́fà àárọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde láago méjì ọ̀sán.

Ìbọn náà ń mọ òtútù

Tí ọdẹ bá yẹ ìbọn rẹ̀ wò lóṣù kẹjọ, tó rí i pé ọta ń bọ́ síbi tó fojú sùn, kó má rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lóṣù kọkànlá. Nǹkan méjì ló ti yí padà. Àkọ́kọ́, ẹ̀tù inú ọta kì í jó kíákíá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá tutù, torí náà ọta máa ń falẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń jáde. Èkejì, afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti gbígbóná lọ. Láti 20°C sí −15°C, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ki sí i, tí gbogbo nǹkan míì bá dọ́gba. Ọta tó falẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó ki á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní mítà 100, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Àmọ́ pápá gbalasa ni pronghorn wà, ìbọn ọ̀nà jíjìn sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà kí ẹran kú kíá kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ kékeré kan lọ. Ẹ wá fi afẹ́fẹ́ Wyoming, tí kì í sinmi, kún un. Afẹ́fẹ́ ń ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́, òtútù ń fà á wálẹ̀. Ẹran tí ọta ba ẹsẹ̀ rẹ̀ dípò àyà lè sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Àwọn nǹkan kéékèèké náà wà tó ń dójú ti ọdẹ. Òróró inú ìbọn máa ń ki nínú òtútù, ìbọn lè kọ̀ láti yìn. Bátìrì ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀nà ṣe jìn tó máa ń kú kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kó o sápò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Tí wọ́n bá gbé ìbọn tó tutù wọ inú yàrá gbígbóná, ìrì á bo awò orí rẹ̀. Àwọn kan ń fi ìbọn sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tó tutù mọ́jú nítorí èyí. Wọ́n tún máa ń lẹ téèpù mọ́ ẹnu ìbọn kí yìnyín má bàa wọ inú rẹ̀, torí yìnyín tó dí ẹnu ìbọn lè mú kó bẹ́.

Ara ọdẹ ńkọ́?

Pronghorn bí aṣọ tirẹ̀ mọ́ra, ọdẹ ra tirẹ̀ ni. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà ní −10°C tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ara tó ṣí sílẹ̀ ń pàdánù ooru bíi pé −20°C ni. Imú, etí àti ọmọ ìka ló máa ń kọ́kọ́ dì.

Ewu tó fara sin jù ni òógùn. Ọdẹ tó rìn kìlómítà mẹ́ta nínú yìnyín á làágùn. Tó bá wá dùbúlẹ̀ de ẹran fún wákàtí kan, òógùn yẹn á di omi tútù lára rẹ̀. Aṣọ òwú ló burú jù, torí pé ó ń fa omi mu, ó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Aṣọ irun àgùntàn máa ń mú ooru dání bó tilẹ̀ rin. Tí ooru inú ara èèyàn bá ti wálẹ̀ ju 35°C lọ, àárẹ̀ òtútù ti dé nìyẹn. Ẹni náà á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ́, ọpọlọ rẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni pé òun fúnra rẹ̀ lè máà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ méjì fi sàn ju ẹyọ kan lọ nígbà òtútù.

Ẹran inú òtútù

Ibi kan wà tí òtútù ti jẹ́ ọ̀rẹ́ ọdẹ pátápátá: ìtọ́jú ẹran. Àwọn kan ń sọ pé ẹran pronghorn máa ń rùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ooru ló fà á. Tí wọ́n bá pa ẹran lọ́jọ́ tí oòrùn mú dé 28°C, irun tó ń dáàbò bo ooru yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ikú. Ooru há sínú, kòkòrò àìfojúrí ń pọ̀ sí i. Torí náà, ọdẹ gbọ́dọ̀ tú u, kó bó awọ rẹ̀, kó sì fi yìnyín tù ú kíákíá. Lọ́jọ́ tó tutù, ojú ọjọ́ ló ń bá a ṣe é.

Àmọ́ òtútù pọ̀jù náà ní wàhálà tirẹ̀. Tí iṣan ẹran bá tutù ju 10°C lọ kó tó gan tán, ó máa ń sún kì, á sì le bíi rọ́bà. Pronghorn kì í tóbi, kì í sì í ní ọ̀rá púpọ̀ lábẹ́ awọ. Tí wọ́n bá bó o tí wọ́n sì gbé e kọ́ sínú afẹ́fẹ́ −15°C lójú ẹsẹ̀, ó lè tètè tutù jù. Ẹni tó mọ̀ á fi aṣọ bò ó, tàbí kó fi í síbi tí ìtutù ò ti le.

Ọ̀rọ̀ òní kọ́

Kí òyìnbó tó dé, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé òtútù ni aago pronghorn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 1804, William Clark, tí òun àti Meriwether Lewis ń tọ odò Missouri lọ sókè, kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Agbo pronghorn ń la odò kọjá lọ síbi tí wọ́n ti máa lo ìgbà òtútù. Àwọn Arikara dúró sí bèbè méjèèjì, àwọn ọmọkùnrin wọn ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ẹran, wọ́n ń fi igi pa wọ́n, wọ́n sì ń fà wọ́n jáde. Clark ka 58 lórí ilẹ̀. Kò sí ìbọn, kò sí eré. Wọ́n kàn mọ ìgbà tí òtútù máa lé ẹran gba ojú odò ni.

Ní Trappers' Point, nítòsí ìlú Pinedale ní Wyoming, àwọn awalẹ̀pìtàn rí eegun pronghorn tí àwọn èèyàn pa ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Eegun ọmọ inú oyún wà lára rẹ̀, ìyẹn ló fi hàn pé ìgbà ìrúwé ni wọ́n pa wọ́n, nígbà tí agbo ń padà bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti sá fún yìnyín. Pronghorn ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá títí dòní.

Ìgbà òtútù tó gbowó lórí

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọdún 2022 sí 2023. Ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming, yìnyín tètè dé, ó jìn, ó le, ó sì kọ̀ kò lọ. Pronghorn ò rí sagebrush jẹ. Èsúsú ọ̀rá wọn tán kí ìgbà ìrúwé tó dé. Bí ìyẹn ò tó, àrùn òtútù àyà tí kòkòrò Mycoplasma bovis ń fà bẹ́ sílẹ̀ nítòsí Pinedale, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Agbo tí wọ́n ń pè ní Sublette, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù láyé, pàdánù ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn, ní ìgbà òtútù 2010 sí 2011, pronghorn ní àríwá Montana sá lọ sí gúúsù, wọ́n gba orí omi dídì adágún Fort Peck kọjá. Ojú irin rélùwéè nìkan ni wọ́n ti gbá yìnyín kúrò, orí rẹ̀ ni àwọn ẹran náà dúró sí. Ọkọ̀ ojú irin pa ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná tí omi dídì yọ́, adágún tó jẹ́ afárá nígbà tí wọ́n ń lọ wá di ògiri nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Irú ọdún báyìí kì í parí síbẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti gun àwọn abo, oyún ìbejì ló sì sábà máa ń wà nínú wọn ní gbogbo ìgbà òtútù. Abo tí ebi pa á bí ọmọ tó kéré tí kò lágbára, tàbí kó má bí rárá. Lẹ́yìn òtútù 2023, àjọ tó ń bójú tó ẹranko ní Wyoming gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àṣẹ ọdẹ pronghorn kúrò. Àwọn tó ti ń dúró de ìwé àṣẹ fún ọdún pípẹ́ ò rí i gbà. Àwọn tó ń gba àlejò ọdẹ, àwọn olótẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń gé ẹran, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lápò.

Ó sì kan ẹran náà padà. Owó ìwé àṣẹ ọdẹ ló ń san apá tó pọ̀ nínú ìtọ́jú ẹranko ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1937 ni òfin Pittman-Robertson sì ti ń gba owó orí lórí ìbọn àti ọta fún iṣẹ́ kan náà. Ní nǹkan bí 1915, pronghorn tó ṣẹ́kù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tó 20,000, ìpakúpa ló fà á. Lónìí, wọ́n ti di ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, owó àti òfin àwọn ọdẹ sì wà lára ohun tó gbà wọ́n. Gígé ìwé àṣẹ dín owó kù, àmọ́ kí wọ́n máa pa ẹran tí òtútù ti pa tán, ìyẹn ló máa dá wọn padà sí 1915.

Wáyà, afárá àti sùúrù

Èèyàn ò lè dá yìnyín dúró. Ohun tí èèyàn lè ṣe ni kó má dí ọ̀nà ẹran tó ń sá fún un. Ọgbà wáyà ni wàhálà tó pọ̀ jù. Pronghorn kì í sábà fo ọgbà, abẹ́ ló máa ń gbà kọjá, torí pápá tí kò ní ìdínà ló ti dàgbà sókè. Nígbà tí yìnyín bá wá kó jọ sídìí ọgbà, àlàfo abẹ́ wáyà á dí. Ẹran á dúró síwájú wáyà, oúnjẹ wà lódìkejì, yóò sì kú sójú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan àtàwọn ọdẹ fi ń yọ wáyà ẹlẹ́gùn-ún ìsàlẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì ń fi èyí tó ń dán rọ́pò rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀.

Ojú títì náà ńkọ́? Títì ńlá Interstate 80 la gúúsù Wyoming já, ó sì dínà mọ́ ọ̀pọ̀ agbo. Ní Trappers' Point, lórí títì 191, wọ́n parí afárá ẹranko méjì àti ọ̀nà abẹ́ títì mẹ́fà lọ́dún 2012. Pronghorn gba orí afárá, kò gba abẹ́, torí ó fẹ́ máa rí iwájú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ti ń dọdẹ rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ afárá fún un báyìí.

Ó wá ku ti ọdẹ fúnra rẹ̀. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní tí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Òótọ́ ni, ìyà ọdẹ nínú yìnyín pọ̀. Àmọ́ ẹran náà ń jẹ ìyà tirẹ̀. Abo tí wọ́n lé fún kìlómítà mẹ́ta nínú yìnyín lóṣù kejìlá, tí wọn ò sì pa, ti ná lára ọ̀rá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ibi tó ti máa rí i padà títí di ìgbà ìrúwé. Ọdẹ tó ti lọ sílé lè máà mọ̀ láé pé òun ló pa á.

Torí náà, ọdẹ tó gbọ́n ní Wyoming kì í kàn wo ojú ọ̀run láti mọ aṣọ tó máa wọ̀. Ó ń wo bí yìnyín ṣe jìn tó, ó ń wo bí ojú rẹ̀ ṣe le tó, ó sì ń wo bí agbo ṣe ń rìn. Tí wọ́n bá ti ń rì dé àyà, tí wọn ò sáré mọ́ bó ti ń bọ̀, ìbọn rẹ̀ lè bà wọ́n nírọ̀rùn lóòótọ́. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni àmì pé ó yẹ kó yíjú padà.